Ẹni tó ń fa apá ìyá yín yẹn, ṣé ó ní láísẹ́ǹsì?

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ gbọ́ o! Bí rọpárọsẹ̀ bá dá ẹnìkan jókòó, àwọn fisioterápíìsì ló ń kọ́ ọ bó ṣe máa tún rìn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun ló jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Láti 1988 tí ìjọba ológun ti ṣe Dikíríì 38, bọ́ọ̀dù ìjọba àpapọ̀ kan ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tó gba dìgírì ní yunifásítì, irú Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1966, kò tíì débẹ̀. Yóò búra, yóò tún fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù ńlá, irú UITH, kó tó gba láísẹ́ǹsì tó pé. Ọdọọdún ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Apá tó ti rọ, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá ń fà á, èjìká lè yẹ̀. Wàhálà di méjì nìyẹn!

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ máa wá tọ́jú ìyá yín nílé, ẹ má tijú, ẹ ní kó mú láísẹ́ǹsì tọdún yìí wá. Ojúlówó wọn kò ní bínú.