Ìfibọ̀ Àwòrán Flash Nínú QuickTime: Àríkọ́gbọ́n fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Láàárín ọdún 1999 sí 2007, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ó lè kó fídíò, ohùn àti àwòrán tó ń dá olùlò lóhùn pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. QuickTime ni orúkọ ètò náà. Ilé-iṣẹ́ Apple ló ṣe é, ọdún 1991 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Flash ni wọ́n fi ń ya àwòrán tó ń dáni lóhùn náà. Lónìí, irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí ìfibọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó mú un kásẹ̀ nílẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ èdè Yorùbá. Kókó tó rọ̀ mọ́ ni pé ohun èlò ìkọ́ni tí wọ́n bá fi sínú ètò ẹlòmíràn kì í pẹ́ ju ètò náà lọ, àfi bí ẹni tó ṣe é bá tọ́jú ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí Flash jẹ́

Ọdún 1996 ni Flash bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ FutureSplash Animator. Ilé-iṣẹ́ Macromedia rà á, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Flash. Ní 2005, Adobe ra Macromedia fúnra rẹ̀. Fídíò jẹ́ àkójọ fọ́tò tó ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá, ṣùgbọ́n ìlà, àwọ̀ àti àṣẹ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe yà wọ́n ni Flash ń tọ́jú ní tirẹ̀. Èyí ló mú kí fáìlì rẹ̀ kéré, tí àwòrán rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́. Pabanbarì rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì lè wà nínú rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀, tí àwòrán yóò sì fèsì.

Bí ìfibọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Fáìlì QuickTime dà bí àpótí tó ní ọ̀pọ̀ yàrá nínú. Fídíò ní yàrá tirẹ̀, ohùn ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ náà ní tirẹ̀. QuickTime 4, tó jáde ní 1999, fi yàrá kan kún un fún Flash. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò kọ́kọ́ ya àwòrán àti bọ́tìnnì rẹ̀ nínú Flash, yóò sì fi pamọ́ bíi fáìlì swf. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lé orí fídíò nínú QuickTime, tí yóò sì mú kí ẹ̀yìn àwòrán náà mọ́ gaara, kí fídíò lè hàn lábẹ́ bọ́tìnnì. Àṣẹ tí bọ́tìnnì ń pa kì í mọ sórí àwòrán nìkan. Ó lè ní kí fíìmù náà dúró, kí ó máa lọ, tàbí kí ó fò lọ sí ibòmíràn.

Bí àpẹẹrẹ, bí olùkọ́ kan bá fẹ́ kọ́ni ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, yóò ká ohùn àti ìrísí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fídíò. Yóò wá ya àwòrán mẹ́rin bíi bọ́tìnnì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ àwòrán ohun ìjà, fíìmù yóò fò lọ síbi tí ẹnu ti ń pe ọ̀kọ̀, yóò sì dúró dè é. Fídíò lásán kò mọ bí wọ́n ti ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́.

Ìṣòro àmì ohùn

QuickTime kò lo Flash Player gan-an. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ló ń ka Flash, ẹ̀yà náà sì máa ń rẹ̀yìn. QuickTime 5 ti ọdún 2001 gbọ́ Flash 4, bẹ́ẹ̀ Flash 5 ti jáde láti 2000. QuickTime 6 ti ọdún 2002 gbọ́ Flash 5, ọdún yẹn kan náà sì ni Flash Player 6 dé. Ibi tí èyí ti kan Yorùbá ni pé Flash Player 6 ló kọ́kọ́ lo Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kódà nínú Unicode, ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n ń so pọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni láti sọ ọ̀rọ̀ kíkọ di àwòrán nínú Flash kí wọ́n tó gbé e sínú QuickTime. Àmì ohùn yóò pé lórí kọ̀ǹpútà gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́: kò ṣe é wá, kò ṣe é dà kọ, bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n pa á rẹ́ kí wọ́n tún un yà.

Bí ilẹ̀kùn ṣe tì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, QuickTime 7.3.1 pa ẹ̀yà tó ń ka Flash, nítorí pé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ lè gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ìwọ̀nba fíìmù díẹ̀ tó dájú pé kò léwu nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ní 2016, Apple dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún QuickTime lórí Windows. Flash pàápàá dópin ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, láti ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 ni Flash Player sì ti kọ̀ láti ṣí ohunkóhun. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ètò kan tí ń jẹ́ Ruffle wà lónìí tó ń ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì Flash láìlo Flash Player. Ẹni tó tọ́jú fáìlì swf rẹ̀ lọ́tọ̀ lè jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí àpótí QuickTime nìkan kù sí lọ́wọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe kí ó tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀ lò. Nítorí náà:

(i) Kí olùkọ́ tọ́jú ohùn, fídíò, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó pa wọ́n pọ̀.

(ii) Kí ó fi Unicode kọ Yorùbá rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn kíkún, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí àwòrán nìkan.

(iii) Kí ó lo ìlànà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí HTML5 tó di ìlànà àjùmọ̀lò ní 2014.

(iv) Kí ó kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà kọ́ni bí iná ò bá sí.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìfibọ̀ Flash nínú QuickTime fún olùkọ́ ní ohun tí fídíò lásán kò ní: ẹ̀kọ́ tó ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe àìdára ẹ̀kọ́ ló pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ ọkọ àti ọ̀kọ̀ kò yí padà láti 1999 títí di òní. Olùkọ́ tó bá tọ́jú ohùn àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè tún ẹ̀kọ́ náà ṣe nínú ètò yòówù tó bá dé.