Ọyẹ́ àti Ìgbì Omi ní Èkó

Ọmọdé kan ni ó tún ẹ̀kọ́ mi ṣe, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí a rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí mo kà sílẹ̀ ti wá. Ó ní ìgbà òtútù ni òkun máa ń ru jùlọ, àti pé ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ kékeré dúró sí èbúté ní àkókò náà. Mo kọ ọ́ sára pátákó, mo sì fi ti ara mi kún un: "Ọyẹ́ ni ìgbà òtútù tiwa. Nítorí náà, ìgbà ọyẹ́ ni ìgbì pọ̀ jù ní Èkó."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, bàbá àgbà mi ní ìgbà ọyẹ́ ni ìgbì máa ń sùn. Ojú ènìyàn ni ọyẹ́ ń dí, kì í da omi rú." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò ní èsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo bá a lọ kí bàbá àgbà yìí, ẹni tí ó ti ń wa ọkọ̀ láti Ẹbúté Ẹ̀rọ̀ lọ sí Ìkòròdú láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Mo wá kọ́gbọ́n ni."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni tíṣà tí ó ní ọyẹ́ ń ru omi?"

Ohun tí bàbá náà sọ fún mi, àti èyí tí mo kà lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ni mo kọ síhìn-ín.

Ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń dìde láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ibi tí adágún ńlá kan wà láyé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Ibẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí Èkó. Láti orí ilẹ̀ ni ó ti ń fẹ́ sórí òkun. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé ìgbì ńlá dìde láìjẹ́ pé ó rí ojú omi gbalasa tí yóò máa fẹ́ lé lórí. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ kò tíì rí irú àyè bẹ́ẹ̀ ní etíkun wa. Ìdí nìyí tí omi fi ń parọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ìparọ́rọ́ yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, eruku àti kùrukùru a parapọ̀ lórí ọ̀sà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró ní etí omi ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò fi ní rí Third Mainland Bridge, afárá gígùn tí a parí ní 1990. Bàbá ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, bí ojú omi bá dí báyìí, àwọn a dúró, àwọn a máa fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Lónìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń sáré kọjá, ariwo ara rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Igi gẹdú tí ó ya kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa léfòó láìsí iná lára rẹ̀. Bàbá kì í tú ọkọ̀ rẹ̀ títí oòrùn yóò fi là á. Àwọn èrò a bú u pé ó lọ́ra. Ó ní òun kò tíì gbọ́ kí òkú bú òun.

Níbo wá ni ìgbì ńlá ti ń wá? Bàbá mọ̀ pé láàárín òjò, òkun a máa hó nígbà mìíràn tí ewé kankan kò mì ní Èkó, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà ni pé láti May títí di September tí òjò ń rọ̀ fún wa, ìgbà òtútù ni ní ìhà gúúsù ayé. Ìjì ńlá ń jà lójú òkun lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfríkà, níbi tí ilẹ̀ kò ti dí i lọ́nà. Ìgbì tí ó bá dìde níbẹ̀ a rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, kí ó tó fọ́ sí etíkun wa. Nítorí náà ìwé mi kò purọ́: òtútù ni ó ń ru òkun. Ṣùgbọ́n òtútù náà kì í ṣe tiwa.

Ẹnu ọ̀nà òkun ni èyí ti le jù. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń fà jáde, tí ìgbì sì ń wọlé, àwọn méjèèjì a kọlu ara wọn, ìgbì a dìde ṣánṣán, a sì wó lulẹ̀. Láyé àtijọ́ òkìtì iyanrìn tún wà lábẹ́ omi níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó; Forcados ni a ti ń pààrọ̀ ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré. Ní 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sínú òkun láti là ọ̀nà náà. Ọ̀nà là, ṣùgbọ́n iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn dúró sẹ́yìn ògiri, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria Island.

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò, ní March àti April, ni Bàbá bẹ̀rù jù lórí ọ̀sà. Ìlà-oòrùn ni àwọsánmà rẹ̀ ti ń ṣú bọ̀. Afẹ́fẹ́ a dákẹ́, lẹ́yìn náà a já lu omi lójijì. Ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà kò jìn ju ìdúró ènìyàn lọ, ìgbì ibẹ̀ a sì máa súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kí ọkọ̀ tó gun ọ̀kan tán, èkejì ti dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo nu ohun tí mo kọ sára pátákó. Mo bu omi sínú ọpọ́n fífẹ̀, mo gbé ọkọ̀ bébà sí apá kan, mo sì sọ òkúta sí apá kejì. Ọkọ̀ bébà mì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọkùnrin mi tún nawọ́ sókè: "Tíṣà, ìgbà òtútù ni ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Kí ni kò jẹ́ kí ìgbì tiwọn náà dé ọ̀dọ̀ wa?" Mo ní kí ó wá síwájú, kí ó fi ìka tọ etíkun Áfríkà lórí àwòrán ayé láti Èkó lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìka rẹ̀ kọjá Accra, ó yí ilẹ̀ Liberia po, ó gòkè lọ sí Dakar, ó sì dúró. Ó wo gbogbo ilẹ̀ ńlá tí ó yọrí síta náà. Ó ní, "Áà! Ilẹ̀ ni ó dí wọn lọ́nà."