Ìwé Orin Nìkan Kò Tó: Iṣẹ́ Atẹdùùrù Tó Ń Múra Orin Tí A Kì Í Sábà Gbọ́

Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì ni kì í bẹ̀rù orin Handel. Gbé iṣẹ́ Akin Euba, ọmọ Nàìjíríà tó kọ orin dùùrù, síwájú wọn, ó di iṣẹ́ oṣù púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ irú orin òde òní bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí rẹ́kọ́ọ̀dù tí yóò tẹ̀ lé. Ìwé orin náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ fọ́tókọ́pì ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn àmì kan ti ṣá lára rẹ̀.

Àmọ́ ìwé kọ́ ló le jù. Euba, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, fẹ́ kí dùùrù máa dún bí ohun èlò ìlù. Nínú Scenes from Traditional Life, tó kọ ní 1970, ó so ètò ohùn 12 ti àwọn ará Yúróòpù mọ́ ìrìn ìlù Yorùbá. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ka bíìtì rẹ̀ pé. Àwọn kejì ní inú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni ìlù wà, pé kò yẹ kó ṣòro. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọmọ tó dàgbà sí Máfòlúkù, tó jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ṣẹ́, níbo ni yóò ti rí i? Kíkà á pé náà ò tó. Omele a máa di ojú kan mú, ìyáàlù a máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Lójú tèmi, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó ti àwọn onídùndún kó tó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Bó bá jẹ́ concerto, ìyẹn orin dùùrù pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà, ọ̀kẹ́sírà náà tún kù. Ẹgbẹ́ orin MUSON ní Èkó ti wà láti 1983, ilé ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ láti 1989, ṣùgbọ́n ìdánrawò pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà tó pé ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Dùùrù kejì ló sábà máa ń dípò rẹ̀ títí ọjọ́ eré yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé irú iṣẹ́ dùùrù yìí kì í ṣe tiwa gbàgbé Fela Sowande, olórin ọmọ Nàìjíríà. Kàtídírà Kristi ní Marina ló ti kọ́ orin lọ́mọdé. Ní 1936, òun ló tẹ dùùrù nínú Rhapsody in Blue ti Gershwin, orin tí kò ju ọdún 12 lọ nígbà náà.

Ohun tí ẹni tó ń múra ní Ìsọlọ̀ nílò jù ni dùùrù gidi, tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ jẹ́jẹ́ àti ọwọ́ líle. Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì tí irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín, tí ẹ ń tì í pa láti Ajé dé Àbámẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún wọn.