Fọ́tò alẹ́ nílùú Èkó: Kí ló dé tí iná ń tàn yòò, tí ojú yín sì ṣókùnkùn nínú àwòrán?

Tí oṣù Kejìlá ọdún bá ti wọlé, òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island nílùú Èkó kì í sùn mọ́. Iná ọdún Kérésìmesì tí báńkì Zenith máa ń so síbẹ̀ ń fa tọmọdé tàgbà, kálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àwọn tó ti òkè òkun dé ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó wọ ọkọ̀ láti Agége àti Ìkòròdú náà ń bẹ níbẹ̀. Fọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn bá wá.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo mú màmá mi lọ síbẹ̀. Wọ́n wọ àdìrẹ tuntun, wọ́n kẹ̀yìn sí iná, mo sì yà wọ́n bí ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tí a délé tí wọ́n wo àwòrán náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta nìyí?"

Iná hàn kedere. Ojú màmá kò hàn rárá. Èmi tí mò ń fi kámẹ́rà jẹun, ojú tì mí.

Kí ló fà á?

Tí ẹ bá ní kí kámẹ́rà dá ṣe ètò fúnra rẹ̀, ó máa ń wo gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, á sì wá ìwọ̀n tó wà láàárín. Tí ọ̀pọ̀ gílóòbù bá wà lẹ́yìn ènìyàn, á gbà pé ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, á wá dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ojú ẹni tó dúró níwájú ló ń jìyà rẹ̀, pàápàá ojú àwa aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé ìfọ̀fótò ti ń lo káàdì Kodak kan tí wọ́n ń pè ní Shirley láti fi díwọ̀n àwọ̀. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Lọ́dún 2021, Google gbé ètò Real Tone jáde lórí fóònù Pixel 6 kí àwọ̀ dúdú lè hàn bó ṣe rí. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó di kámẹ́rà mú ni iṣẹ́ ṣì wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, ẹ bi ara yín: ènìyàn ni mo fẹ́ yà, àbí ìlú?

Tó bá jẹ́ ènìyàn

Ohun mẹ́ta ló ń darí ìmọ́lẹ̀: bí ojú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, bí kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó kó tó pajú dé, àti ISO.

Ẹ ṣí lẹ́ńsì gbòòrò, f/1.8 tàbí f/2.8. Ẹ fi àkókò sí 1/100, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ISO 1600. Tí ojú bá ṣì dúdú, ẹ gbé ISO lọ sí 3200. Àwòrán á lè ní hóró díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju ojú tí kò hàn lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 1/100? Iná mànàmáná ní Nàìjíríà, Ghana àti Benin ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń mú kí ọ̀pọ̀ gílóòbù ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Tí àkókò bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà dúdú lè fa kọjá lórí àwòrán.

Tó bá jẹ́ ìlú

Ẹ wo afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013. Tí ẹ bá fẹ́ kí iná ọkọ̀ fa ìlà gígùn lórí rẹ̀, gbogbo ètò yóò yí padà: ISO 100, f/8 tàbí f/11, kí kámẹ́rà sì la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15.

Ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì lo aago ìṣẹ́jú àáyá méjì kí títẹ̀ má baà mì í.

Ẹ má dúró kí ilẹ̀ ṣú tán. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn Èkó ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, ni àwòrán ń dùn jù.

Tó bá jẹ́ fóònù

Ẹ kọ́kọ́ nu lẹ́ńsì. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà lórí fóònù, kí ẹ sì fa àmì oòrùn tó bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ojú yóò fi hàn. Ẹ sún mọ́ ọn dípò kí ẹ máa fà á tòsí lórí fóònù.

Fíláàṣì ńkọ́?

Malick Sidibé, ayàwòrán ọmọ Mali, fi fíláàṣì ya àwọn ọ̀dọ́ lóde ijó ní Bamako ní àwọn ọdún 1960, àwọn àwòrán náà sì gbayì káàkiri àgbáyé. Fíláàṣì dára fún ẹni tó wà nítòsí, àmọ́ kò lè dé ara ilé tó wà lókèèrè. Tí ẹ bá lò ó, ẹ fi àkókò sí 1/30 kí iná ẹ̀yìn náà lè wọlé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi àti màmá padà sí Ajose Adeogun. Mo ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí iná lè tàn sí wọn lójú dípò ẹ̀yìn wọn. Mo fi ìka tẹ ojú wọn lórí fóònù. Àwọn gílóòbù kan lẹ́yìn mọ́lẹ̀ jù, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn báyìí.