Láti Allen dé Gberefu: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi l'Àgbádárìgì

Tẹ́ ẹ bá dúró sí Allen Avenue n'Íkẹjà láàárọ̀ Sátidé, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè danfó lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ta ló máa gbà pé kó tó di ọ̀sán, èèyàn ti lè dé erékùṣù kan nípìnlẹ̀ Èkó kan náà, tí ẹsẹ̀ á máa rì sínú iyanrìn, tí kò ní gbọ́ nǹkan míì ju ìró òkun lọ? Gberefu lorúkọ ibẹ̀. Ó ṣeé lọ kéèyàn sì padà lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ ọwọ́ aago ló wà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó kúrò nílé, orí omi ni ilẹ̀ máa fẹ́ ṣú mọ́ ọn sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ilẹ̀ iyanrìn tóóró ni Gberefu, láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ewe ló ń gbé ibẹ̀, ẹja pípa àti iṣẹ́ oko sì ni wọ́n fi ń jẹun. Láyé òwò ẹrú, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Point of No Return, ìyẹn ibi tẹ́ni tó bá ti kọjá kò ní padà sílé mọ́.

Ọ̀nà wo lẹ máa gbà?

Ó dáa kẹ́ ẹ ti kúrò ní Allen kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Láti Ikeja Under Bridge, ẹ wọ danfó lọ sí Oṣòdì, kẹ́ ẹ ti Oṣòdì lọ sí Mile 2. Mile 2 lẹ ti máa rí bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì. Ẹ bi kọ́ńdọ̀ dáadáa bóyá Badagry Roundabout ni wọ́n ń lọ tààrà, torí àwọn awakọ̀ míì lè já èrò sílẹ̀ l'Ágbárá. Ìrìn náà lé ní kìlómítà 60 láti Íkẹjà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń fojú di. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni, nítorí náà ẹ máa bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n pàdé. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání.

Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Roundabout, kẹ̀kẹ́ márúwá tàbí ọ̀kadà máa gbé yín dé Marina, níbi tí ọkọ̀ ojú omi wà.

Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀

Ìrìn orí omi yìí ò gùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bó ṣe kúrú yẹn ló ń mú káwọn kan sọ pé kò sídìí fún life jacket. Irọ́ ni. Omi kì í bèèrè bóyá ọ̀nà jìn. Tí ọlọ́kọ̀ ò bá ní tó máa kárí èrò, tàbí tó bá fẹ́ kó èrò jù, ẹ dúró de ọkọ̀ míì. Ẹ sọ iye owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ọlọ́kọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìdajì owó náà pamọ́ dìgbà tó bá gbé yín padà. Owó Náírà gidi ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé POS.

Láti èbúté erékùṣù dé etí òkun, ìrìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni nínú iyanrìn. Bàtà tó fúyẹ́ àti omi mímu ló ṣe pàtàkì. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ pé wọ́n á fún àwọn ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀nà tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, òótọ́ ni. Ìparí rẹ̀ ni òpó méjì tó dojú kọ òkun.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ìgbì òkun yẹn lágbára gan-an.

Ẹ rántí pé ìlú àwọn èèyàn ni. Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni tàbí ilé ẹ̀. Tí wọ́n bá sọ pé "mi kuabọ", ẹ káàbọ̀ ni wọ́n ń wí. Etí Yorùbá ò ní ṣàì dá a mọ̀.

Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó kọjá, kẹ́ ẹ ti padà sí èbúté. Tọ́jọ́ bá ti lọ jù, ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì l'Àgbádárìgì dípò kẹ́ ẹ máa sáré lójú títì lóru. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lè lọ wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí lọ́dún 1845, àti àgbàlá Sérìkí Abass, níbi tí wọ́n ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn kọjá sí Gberefu.