Ọ́fíìsì ò gbà wọ́n mọ́, làwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary bá kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì

Ẹni tó bá rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán ní òtẹ́ẹ̀lì á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni o! Ní Chicago, l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 23, oṣù kejì, ọdún 1905, ọ́fíìsì Gustavus Loehr, ẹnjiníà ìwakùsà, ni lọ́yà Paul Harris, Schiele tó ń ta èédú àti Shorey aránṣọ ti pàdé. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣèpàdé, ọ́fíìsì ẹlòmíì ló kàn. Yíyí kiri yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ Rotary.

Nígbà tó yá, èrò pọ̀, àga ò tó, ni wọ́n bá gba òtẹ́ẹ̀lì lọ. Oúnjẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àyè sì gbà wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù èèyàn ló mọ iṣẹ́ tónítọ̀hún ń ṣe. Nídìí àwo oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì, ta ló ń béèrè èédú? Síbẹ̀, wọn ò pa orúkọ yẹn tì.