Ilé-Kéwú àti Ilé-Ìwé: Ọmọ Kan, Olùkọ́ Méjì

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin Mùsùlùmí rí ní ilẹ̀ Yorùbá: ilé-kéwú ń pè é, ilé-ìwé sì ń pè é. Bí ó ti ń jẹ́ ìpè méjèèjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní ilé-kéwú àtijọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àfáà ni àwọn ọmọ ń jókòó sí. Orí wàláà ni a ti ń fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá há a sórí tán, a ó fọ wàláà kí ẹ̀kọ́ mìíràn lè gba ipò rẹ̀. Ọmọ a bẹ̀rẹ̀ láti àwọn orí kúkúrú tí ó wà ní ìparí Àlùkùránì, a sì máa bọ̀ sí àwọn tí ó gùn. Kò sí kíláàsì; kálukú ń lọ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe èdè wa pàápàá lóore, nítorí láti inú èdè Lárúbáwá ni àdúrà, wàásù àti àlùbáríkà ti wá.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì dá ilé-ìwé sílẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá fà sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rù pé ọmọ tí ó lọ kọ́ ìwé lè ti ibẹ̀ yí ẹ̀sìn padà. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé kò lè rí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe. Nítorí náà ni ìjọba fi dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896. Ní 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, tí òun náà sì kọ́ ilé-ìwé káàkiri.

Ilé-kéwú náà kò dúró sójú kan. Ní 1952, Shaykh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Níbẹ̀ ni kéwú ti ní kíláàsì, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí.

Síbẹ̀, ìṣòro kan kù. Ní 1955 náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Bí ilé-ìwé ti ń gba òwúrọ̀ àti ọ̀sán ọmọ púpọ̀ sí i, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù fún kéwú. Ọmọ tí ó ti rẹ̀ ni àfáà ń rí, òun ni wọn yóò sì dá lẹ́bi bí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n kà.

Ohun tí a ń wí ni pé kíkó ẹ̀kọ́ méjì jọ fún ọmọ kan kò tó. Àfi kí a pín wákàtí rẹ̀ dáradára, kí àfáà àti tíṣà sì mọ ohun tí ẹnì kejì ń kọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún; bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́.